Òru Mẹ́ta Lẹ́bàá Loch Lomond

Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin apá kan lára West Highland Way ní Scotland, kí òun sì máa sun inú àgọ́ ní alaalẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi dá a lóhùn: rárá. Kì í ṣe pé mo kórìíra ìrìn àjò. Ọmọ ọdún 19 ni, ó ń kàwé ní yunifásítì, kò sì sí ibi tí n kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé láyé yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ SS ni. Àìsàn tí àwọn àgbà wa sọ ní fòníkú-fọ̀ladìde ni a ti jọ ń bá jà láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé mọ ohun tí òtútù máa ń fi egungun wọn ṣe.

Manchester ni a ń gbé. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ilé ìwé girama ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn lọ pàgọ́ sórí òkè nínú ètò Duke of Edinburgh's Award, tí òun nìkan yóò sì ṣẹ́kù sílé pẹ̀lú mi, tí yóò máa wo àwòrán wọn lórí fóònù. Kò sunkún rí nítorí rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, bí a ti ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ni ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé: "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀rù ò ní bà yín tó báyìí." N kò mọ ìgbà tí mo gbé abọ́ tí ó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Ó wá yé mi pé kì í ṣe àìsàn náà nìkan ló ń dè é mọ́lé. Ẹ̀rù tèmi náà wà níbẹ̀.

Dókítà tí ó ń tọ́jú rẹ̀ kò sọ pé kí ó má lọ. Ara rẹ̀ ti dúró dáadáa fún ọdún kan gbáko. Ó ní kí ó máa mu omi púpọ̀, kí ó má ṣe rìn ju agbára rẹ̀ lọ, kí a má ṣe jìnnà jù sí ojú títì, kí oògùn ara ríro má ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí òtútù má sì mú un, pàápàá lóru. Mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú nǹkan márùn-ún yìí, ọgbọ́n orí ni a ó fi ṣe wọ́n. Ìkarùn-ún ni ó gba pé kí a na owó. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní irú ọmọ yìí, ẹ jọ̀wọ́, dókítà tiyín ni kí ẹ bi kí ẹ tó gbéra, nítorí pé ara ọmọ kan kò rí bí ti èkejì.

Àpò ìsùn ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àpò gbọọrọ tí ènìyàn máa ń wọnú rẹ̀ tí yóò sì fa síìpù rẹ̀ dé àgbọ̀n, tí ojú àti imú nìkan yóò ṣẹ́kù síta. Mo ti rò pé kò sí ohun tó rọrùn tó o láti rà. Mo wọ ilé ìtajà ńlá kan, mo rí ọ̀kan tí wọ́n kọ 10 nísàlẹ̀ òdo sí lára gàdàgbà-gadagba, mo ní ẹ̀ẹ̀rùn ti dé nìyẹn, nítorí pé òtútù tí a ń lọ bá kò lè tó bẹ́ẹ̀ nínú oṣù Kẹrin. Mo san 45 pọ́n-ùn, mo gbé e relé.

Bí kò bá sí ti pé ọmọ náà gbọ́n jù mí lọ ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá ti bàjẹ́. Ó ní kí a kọ́kọ́ dán an wò nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta, a pàgọ́ sáàárín ibi tí mo máa ń gbin ewédú sí nígbà ooru àti ògiri àwọn ará ilé kejì. Ìwọ̀n ìgbóná òru ọjọ́ náà kò lọ sísàlẹ̀ òdo rárá. Bíi 3 ni ó wà lókè òdo. Ní aago méjì òru ni mo gbọ́ tí ó ń kan ilẹ̀kùn kíṣíìnì. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní orúnkún òun ti ń ta òun. Mo fi omi gbígbóná kún rọ́bà, mo fi wé e lẹ́sẹ̀, mo sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́, tí mo ń bi ara mi léèrè pé bí ó bá ṣe pé orí òkè ni a wà ńkọ́, ilẹ̀kùn ta ni ì bá kàn?

Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú dígí mi, mo jókòó, mo sì ka ìwé pélébé tí wọ́n rán mọ́ inú àpò náà láti òkè délẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà síta ni ó burú jù lọ nínú wọn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Òṣùwọ̀n kan wà lágbàáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 23537. Wọn a mú ọmọlangidi tó tóbi tó ènìyàn, èyí tí wọ́n ń fi iná mànàmáná mú gbóná bí ara ènìyàn, wọn a wọ aṣọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ sí i lọ́rùn, wọn a tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú àpò ìsùn, wọn a sì wo bí ooru ṣe ń jáde lára rẹ̀ nínú yàrá tútù. Láti inú ìyẹn ni wọ́n ti ń ṣírò nọ́ńbà mẹ́ta. Èkíní ni ìwọ̀n tí obìnrin kan lè fi sùn nírọ̀rùn láìká ara jọ. Èkejì ni ìwọ̀n tí ọkùnrin tó ká ara rẹ̀ jọ lè fi sùn fún wákàtí mẹ́jọ láìjí. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n tí obìnrin kan lè fi wà fún wákàtí mẹ́fà láìkú, ṣùgbọ́n tí òtútù apani ti lè mú un. Mo tún un kà. Láìkú! Ìyẹn ni 10 nísàlẹ̀ òdo tí mo rí. Nọ́ńbà ti ìrọ̀rùn nínú àpò yẹn, 4 lókè òdo ni. Òru ọjọ́ tí ó sùn nínú ọgbà tutù ju ìyẹn lọ. Wọn kò purọ́ fún mi, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó wà lókè ni wọ́n fi sísàlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé, bí ó bá ṣe obìnrin, bí ó bá ṣe ẹni tí kì í sanra, bí ó bá ṣe àgbàlagbà, bí ó bá ṣe ọmọ SS, nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ni kí ó wò, kí ó sì tún fi bíi márùn-ún kún un fún ìdánilójú. Àpò ìsùn kò ní iná nínú. Kò lè mú ara ẹnikẹ́ni gbóná. Ooru tí o bá gbé wọlé ni yóò bá ọ pa mọ́, bí ìgbà tí a bá fi aṣọ di abọ́ àmàlà.

Ìgbà tí a tún padà síta láti lọ ra òmíràn, ilé ìtajà kékeré kan ni a lọ, níbi tí ìyá àgbà òyìnbó kan tí irun rẹ̀ ti funfun báláú ti ń tajà. Kò bi wá ní iye owó tí a mú wá. Ohun tó kọ́kọ́ bi ọmọ mi ni pé: "Bí o bá sùn sílé, ṣé ìwọ ni ó máa ń fa búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra ni, àbí ìwọ ni ó máa ń ta á dànù?" Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní búláńkẹ́ẹ̀tì méjì ni òun ń fà, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Ìyá náà ní, ó dára, ìwọ ni a ó ra àpò fún, a kì í ṣe fún ojú ọjọ́.

Ó mú wa dé ibi tí àwọn àpò oníìhùùhù wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti tu adìyẹ rí ní ọjọ́ ọdún mọ ìhùùhù: kì í ṣe ìyẹ́ gbọọrọ tó ní egungun láàárín, èyí tó múlọ́múlọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí atẹ́gùn díẹ̀ bá fẹ́ báyìí, tí ó ti fò lọ. Ti àyà pẹ́pẹ́yẹ àti ti gúùsì, ìbátan pẹ́pẹ́yẹ tó ga lọ́rùn, ni wọ́n ń lò. Kò sí ohun tí ó fúyẹ́ tó o tí ó sì ń pa ooru mọ́ tó o. Afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín ìhùùhù náà ni ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìhùùhù fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀ṣà, òwú igi àràbà ni ìyá ìyá mi máa ń kó sínú ìrọ̀rí. Bí ìrọ̀rí náà bá ṣì jẹ́ tuntun, yóò wú, yóò sì lọ́ wọ́ọ́rọ́; bí ó bá pẹ́, tí ó sì fi dẹ̀gbẹ̀, orí á máa kan pákó. Ọ̀rọ̀ ìhùùhù kò yàtọ̀ sí ìyẹn.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà agbára ìwú sí i lára: 600, 700, 800, títí dé 900. Ìyá àgbà náà ṣe àlàyé rẹ̀ lọ́nà tí ó yé mi. Bí a bá mú ìhùùhù tó wúwo tó gíráàmù 28 péré, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 800, tí a dà á sínú ike láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò wú kún ike tí ó ń gba omi lítà 13. Ti 600 kò ní lè kún ju bíi lítà 10 lọ. Ìyẹn ni pé ti 800 lè fún ọ ní ooru kan náà pẹ̀lú ẹrù tó kéré. Ṣùgbọ́n ó tún kìlọ̀ fún wa pé nọ́ńbà yìí nìkan kò tó, bí a kò bá wo iye gíráàmù ìhùùhù tó wà nínú àpò náà. Ìhùùhù 900 tí kò tó nǹkan kò lè gbóná tó ìhùùhù 700 tó kún dẹ́múdẹ́mú.

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ ìfúyẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbádùn. Fún ọmọ tèmi, oògùn ni. Àárẹ̀ jù náà máa ń dá ìrora náà sílẹ̀, ẹrù wúwo sì ni ọ̀nà tó yá jù lọ láti fi rẹ ẹni. A ti jọ ṣe àdéhùn pé ohun tí yóò gbé kọ́ ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ju kìlógíráàmù 7 lọ, omi àti oúnjẹ rẹ̀ mọ́ ọn; èmi ni n ó gbé àgọ́ àti ìkòkò. Àpò olówùú àtọwọ́dá tí yóò fún un ní ooru tí a ń wá sún mọ́ kìlógíráàmù 2, ó sì tóbi tó àpò gààrí. Mi ò bú irú ìyẹn o. Kò wọ́n, ó rọrùn láti fọ̀, bí omi bá sì kàn án, kò ní kọ̀ láti ṣiṣẹ́ pátápátá. Òun ni mo fi sùn ní tèmi. Ìhùùhù ní tirẹ̀, bí ó bá ti tutù, yóò dì pọ̀ bí òkèlè, ooru rẹ̀ a sì tán. Kò sí ohun tó kù tí a lè bù kún un mọ́ títí yóò fi gbẹ.

A tú bíi àpò mẹ́fà sílẹ̀. Ọmọ mi ń wọnú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ẹní tí ìyá náà tẹ́ sílẹ̀, àwọn oníbàárà mìíràn sì ń fi ẹsẹ̀ yà fún un. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Èyí tó gùn jù yóò ní àyè òfìfo nídìí ẹsẹ̀ tí ara ní láti máa mú gbóná lásán. Èyí tó fún jù yóò fún ìhùùhù mọ́lẹ̀ níbi èjìká àti ìgbáròkó. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé kankan tí mo kà ni ọ̀rọ̀ irun. Orí òyìnbó ni wọ́n fi wọn ìbòrí àwọn àpò wọ̀nyí. Ọmọ mi di irun gbọọrọ, ó sì ń dé fìlà sátíìnì sùn. Nínú méjì lára àwọn àpò náà, ìbòrí kò pa dé lórí rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin wa, ẹ má ṣe dán àpò ìsùn wò ní ọjọ́ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun.

Ìyá náà tún fi ọwọ́ tọ́ka sí ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́. Ìhùùhù kì í dúró lójú kan, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pín inú àpò sí yàrá kéékèèké. Nínú àwọn tí kò wọ́n, abẹ́rẹ́ a máa gba inú aṣọ òkè já sí ti inú, ojú ibẹ̀ kò sì ní ìhùùhù kankan. Ibẹ̀ ni òtútù ń gbà wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Nínú àwọn tó dára, ògiri aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi pààlà. Ó ní kí a wo bóyá ọ̀pá ìhùùhù kan wà lẹ́yìn síìpù láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti òmíràn tó yí ọrùn ká. Ọmọ mi ní ìbéèrè tirẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n tu ìyẹ́ náà lára ẹyẹ nígbà tí ó wà láàyè. Ìyá náà fi àmì RDS hàn án, òfin tí wọ́n ń lò láti ọdún 2014 láti rí i pé wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò sì fi ipá fún ẹyẹ lóúnjẹ. Láìsí àmì yẹn, ọmọ mi kò bá má rà á.

Èyí tí a mú nígbẹ̀yìn wúwo tó gíráàmù 960. Gíráàmù 540 nínú rẹ̀ jẹ́ ìhùùhù gúùsì 800. Nọ́ńbà ti ìrọ̀rùn rẹ̀ jẹ́ 4 nísàlẹ̀ òdo, bẹ́ẹ̀ ni òru tó tutù jù tí a ń retí kò ju 1 tàbí 2 nísàlẹ̀ òdo lọ. Iye rẹ̀ jẹ́ 380 pọ́n-ùn.

Owó aṣọ ẹbí ni. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ ní Òṣogbo, mo sì ti tọ́jú owó léèsì àti gèlè sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi pé n kò ní lè ra aṣọ ẹbí, pé ti ọdún tó kọjá ni n ó tún wọ̀, ó bi mí kí ni mo fi owó rà. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ni ó ní: "Ẹ ò ní bẹ́ẹ̀dì nílé mọ́ ni?" Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé aago méjì òru nínú ọgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi sun ilé ìwòsàn rí nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ní, "Rà á. Sọ fún un pé èmi náà bá a dá níbẹ̀." Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, owó wọlé láti Òṣogbo. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n owó náà ni a fi ra ẹní.

Mo fẹ́ fa ọ̀rọ̀ ẹní yìí gùn díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti jìyà. Ara ẹni tó dùbúlẹ̀ a máa tẹ ìhùùhù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, kò sì ní sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́. Ní ẹ̀yìn ẹni, àpò olówó gọbọi àti aṣọ lásán di ọgbọọgba. Ẹní ni ó wà láàárín ìwọ àti ilẹ̀. Wọ́n ń fi nọ́ńbà R wọn agbára tirẹ̀: fún ilẹ̀ ìgbà ooru, 2 lè tó, fún ilẹ̀ tó ń dì, 4 sókè ni kí ènìyàn wá. Ẹní afẹ́fẹ́ ọmọ mi lé ní 4. Èmi, nítorí ìṣọ́wó-ná, gbé ẹní fóòmù pẹlẹbẹ tí kò pé 2. Ẹ máa bá mi ká lọ.

Ní ìparí oṣù Kẹrin ni a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Glasgow, a sì tún wọ òmíràn dé Milngavie. Bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ìlú náà nìyẹn, ṣùgbọ́n "Mọ́gáì" ni wọ́n ń pè é. Ọmọ mi ní mo ti ń pè é bí orúkọ ọbẹ̀ látàárọ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1980 ni wọ́n ṣí i, gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 154, ó sì parí sí Fort William, lábẹ́ Ben Nevis tó ga jù lọ ní Britain. A kò ní í lọ́kàn láti rìn ín tán. Ọjọ́ mẹ́ta àti díẹ̀ ni tiwa, láti Milngavie dé Rowardennan ní etí Loch Lomond.

Òfin ilẹ̀ Scotland ti ọdún 2003 gba ẹnikẹ́ni láàyè láti rìn kọjá lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀, kí ó sì pàgọ́ fún ìgbà díẹ̀, bí kò bá ti ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi ní etí Loch Lomond, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta títí dé ìparí oṣù Kẹsàn-án, ènìyàn ní láti gba ìwé àṣẹ tàbí kí ó lo àgbàlá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àgọ́. Àgbàlá ni àwa yàn. Omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ọkọ̀ sì lè dé ibẹ̀ bí ìṣòro bá dé.

Ọjọ́ kìíní rọrùn: pápá, igbó kéékèèké, àgùntàn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn tí wọn kò tí ì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. A ń dúró ní gbogbo ìṣẹ́jú 45 láti mu omi. Lálẹ́, nítòsí Drymen, ọmọ mi wọ inú àpò rẹ̀, ó sọ gbólóhùn méjì, ẹ̀kẹta kò sì parí. Èmi ni n kò sùn. Òtútù kò ti òkè wá bá mi rárá. Ilẹ̀ ni ó ti ń bọ̀, ó ń gba inú fóòmù gun ìbàdí mi. Mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì. Ní aago mẹ́ta mo kó gbogbo aṣọ mi tẹ́ sábẹ́ ara, títí kan aṣọ òjò.

Ọjọ́ kejì ni Conic Hill. Ọ̀nà kan wà tó gba ẹ̀gbẹ́ títì yí òkè náà ká, mo sì ti pinnu pé ibẹ̀ ni a ó gbà. Ọmọ mi wo òkè náà. Ó ga tó mítà 361, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, "Mọ́mì, díẹ̀díẹ̀ ni a ó gùn ún." Díẹ̀díẹ̀ náà ni. Ẹni tó bá wò wá ní ọ̀nà jíjìn yóò rò pé ńṣe ni a ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé òkè, tí Loch Lomond là kalẹ̀ níwájú wa, adágún omi tó fẹ̀ jù lọ ní Britain, a rí àwọn erékùṣù rẹ̀ tí wọ́n tò tẹ̀ léra lórí ìlà kan, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Orí ojú ibi tí ilẹ̀ pín sí méjì láyé àtijọ́ ni wọ́n wà. Ìlà kan náà ni ó gba abẹ́ òkè tí a dúró lé kọjá. Ní apá kan ni ilẹ̀ pẹrẹsẹ wà, ní apá kejì ni òkè gíga. Ọmọ mi kò ya àwòrán. Ó jókòó, ó ń wò ó.

Òjò ká wa mọ́ ọ̀nà Balmaha, kò sì dá títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní òru ọjọ́ náà ni mo rí ohun tí ìyá àgbà yẹn ń sọ. Òjò kò wọ inú àgọ́. Èémí àwa méjèèjì ni ó di omi lára ògiri àgọ́, tí ó ń kán sí ìdí àpò ọmọ mi níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan aṣọ àgọ́. Nígbà tí mo fi ọwọ́ kàn án ní ìdájí, ibẹ̀ ti tutù, ìhùùhù ibẹ̀ sì ti dì pọ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo bọ́ ẹ̀wù òjò mi, mo fi bo ìdí àpò náà, mo sì ṣí ẹnu ọ̀nà àgọ́ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀. Ṣíṣí ẹnu ọ̀nà nígbà tí ọmọ mi wà nínú òtútù, ẹ wo bí ó ti lòdì sí ọkàn ìyá tó! Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó yẹ nìyẹn.

Oòrùn yọ ní àárọ̀. A tẹ́ àpò náà sórí ògiri òkúta fún bíi wákàtí méjì, a ń yí i, a ń gbọ̀n ọ́n, títí tí ìdí rẹ̀ fi wú padà. A kò kúrò níbẹ̀ títí di ọ̀sán. Ọjọ́ kẹta kò gùn, kìlómítà díẹ̀ ni ní etí omi, lábẹ́ igi oákì tí ewé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

Ọ̀run mọ́ kedere ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ mọ̀ pé ojú ọ̀run tí kò ní ìkúùkù kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó sùn síta. Mo se ìrẹsì pẹ̀lú ata gígún tí mo dì wá láti ilé, mo rí i pé ó jẹ ẹ́ tán, nítorí pé ebi kì í jẹ́ kí ara ní ooru tí àpò yóò pa mọ́. Mo fi omi gbígbóná kún ìgò, mo wé e nínú ìbọ̀sẹ̀, mo sì fi sí i lẹ́sẹ̀. Ìràwọ̀ pọ̀ lórí adágún náà débi pé a kò fẹ́ wọlé.

Ní aago mẹ́rin òru mo jí. Aṣọ àgọ́ ti gan paali. Yìnyín tín-ín-rín ti bò ó níta. Iná fóònù ni mo tàn. Imú ọmọ mi nìkan ni mo rí. N kò gbọ́ ìró kankan. Mo na ọwọ́, mo fa síìpù rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí mo fi kan orúnkún rẹ̀. Ó gbóná, bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo.

"Mọ́mì," ni ó wí, láìlajú, "ẹ ń jẹ́ kí òtútù wọlé."

Mo fa síìpù náà padà, mo sì jókòó sórí àpò ẹrù mi títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí pé ẹní fóòmù ti sú mi.

Àpò ìsùn náà wà nílé báyìí. A kì í ká a sínú àpò kékeré rẹ̀, nítorí pé ìhùùhù tó bá pẹ́ ní títẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í wú dáadáa mọ́. Mo so ó kọ́ gbọọrọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ léèsì ọdún tó kọjá tí mo wọ̀ lọ sí Òṣogbo. Lẹ́ẹ̀kan ni a ti fọ̀ ọ́, pẹ̀lú ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ìhùùhù, a sì fi bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì méjì sí i nínú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ kí ó má baà dì pọ̀. Ó gba ohun tó lé ní wákàtí mẹ́ta kó tó gbẹ. Nínú oṣù Kẹsàn-án ni ọmọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta yóò lọ rìn láti Rowardennan dé Tyndrum. Kò pè mí. Mo ti ra ẹní tó nípọn fún ara mi ná.